Ara Ni Ẹlẹ́rìí: Àríwísí Kan lórí Ijó Wíwò

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dúró nídìí agbo ijó rí yóò ti ṣe àkíyèsí ohun kan tí kì í sábà hàn nínú ìwé. Bí oníjó bá ti gbé èjìká sókè, èjìká àwọn tí ń wòran náà a máa fẹ́ gbéra. Bí ó bá fò, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fẹ́ yẹ̀ nígbà tí ó ń balẹ̀, gbogbo agbo a ké "háà!", olúkúlùkù a sì di ara rẹ̀ mú bí ẹni pé òun gan-an ni ó fẹ́ ṣubú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní pápá bọ́ọ̀lù. Mélòó nínú àwa òǹwòran ni kò tíì fi ẹsẹ̀ gbá ìjókòó ẹni iwájú rí nígbà tí bọ́ọ̀lù dé ẹnu àwọ̀n? Kò sí ẹni tí ó pàṣẹ fún ẹsẹ̀ náà. Ojú ni ó rí, ẹsẹ̀ ni ó dáhùn.

Ọ̀rọ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún àwa tí a fi iṣẹ́ lámèyítọ́ ṣe iṣẹ́ ṣe. À ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí a ti í ṣe àríwísí eré eégún aláré, Gẹ̀lẹ̀dẹ́, àti eré orí ìtàgé. À ń bi wọ́n ní ìbéèrè nínú ìdánwò. A sì ń fún wọn ní máàkì. Bí ó bá jẹ́ òtítọ́ pé ara òǹwòran ń bá ara oníjó rìn, ǹjẹ́ ẹni tí kò jó rí lè wí pé òun rí ijó? Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀wò nìyí. Èrò tèmi ni pé ara ni ẹlẹ́rìí, kì í ṣe adájọ́. Ṣùgbọ́n adájọ́ tí ó bá kọ̀ láti gbọ́ ẹnu ẹlẹ́rìí kò lè dá ẹjọ́ tí ó tọ́.

Kì í ṣe àwọn onímọ̀ òde òní ni ó kọ́kọ́ rí ohun tí mò ń sọ yìí. Ní ọdún 1759, Adam Smith, ọmọ ilẹ̀ Scotland, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí ìwà àti ìmọ̀lára ọmọ ènìyàn pé, bí èrò bá ń wo ẹni tí ń jó lórí okùn, wọn a máa yí ara wọn síhìn-ín sọ́hùn-ún gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti rí i tí ó ń ṣe. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Theodor Lipps, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì, tún mú irú àpẹẹrẹ bẹ́ẹ̀ lò. Ó ní bí òun bá ń wo eléré tí ń fi ara dárà lókè, ó máa ń dà bí ẹni pé inú ara eléré náà ni òun wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé ọ̀rọ̀ náà wọ inú iṣẹ́ lámèyítọ́ gan-an ni John Martin, tí ìwé ìròyìn New York Times gbà ní ọdún 1927 láti máa kọ àríwísí ijó. Nínú ìwé rẹ̀, The Modern Dance, tí ó jáde ní ọdún 1933, ó kọ́ni pé ojú nìkan kọ́ ni ijó ń gbà dé ọ̀dọ̀ òǹwòran; iṣan ara òǹwòran náà ní í gbà á, tí í sì tún un jó ní ìkọ̀kọ̀. Martin kò ní ẹ̀rọ kankan tí yóò fi ṣe ẹ̀rí ọ̀rọ̀ náà. Ara rẹ̀ ni ó fi mọ̀.

Ẹ̀rí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì dé lẹ́yìn nǹkan bí ọgọ́ta ọdún, láti ibi tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn oníjó kò fojú sí. Ní ìlú Parma, ní ilẹ̀ Ítálì, Giacomo Rizzolatti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe ìwádìí lórí bí ọpọlọ ọ̀bọ ti ń darí ọwọ́. Wọ́n fi wáyà tín-ín-rín sí apá kan níwájú ọpọlọ ọ̀bọ kí wọ́n lè mọ ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan bá ń ṣiṣẹ́. Wọ́n rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan a máa ṣiṣẹ́ bí ọ̀bọ bá na ọwọ́ mú oúnjẹ. Èyí kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ohun tí ó yà wọ́n lẹ́nu ni pé díẹ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí kan náà tún ṣiṣẹ́ nígbà tí ọ̀bọ jókòó jẹ́ẹ́, tí ó kàn ń wo ọ̀kan nínú àwọn olùwádìí tí ń mú oúnjẹ. Wọ́n tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 1992. Ní ọdún 1996 wọ́n fún àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ní orúkọ tí àwa lè pè ní "sẹ́ẹ̀lì dígí", nítorí pé ohun tí ẹlòmíràn ń ṣe ń hàn nínú wọn bí ojú ti ń hàn nínú dígí.

Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀bọ kì í ṣe ènìyàn. Òótọ́ ni. Nítorí náà, ní ọdún 1995, Luciano Fadiga àti àwọn ará Parma kan náà gbé ìwádìí wọn dé ọ̀dọ̀ ènìyàn. Wọn kò ki wáyà bọ orí ẹnikẹ́ni. Láti ìta agbárí ni wọ́n ti fi agbára òòfà ta apá ọpọlọ tí ń darí ọwọ́ jí, tí wọ́n sì wọn bí iṣan ọwọ́ ti dáhùn tó. Nígbà tí ènìyàn bá ń wo ẹlòmíràn tí ń di nǹkan mú, iṣan ọwọ́ tirẹ̀ ń dáhùn ju ìgbà tí ó kàn ń wo nǹkan náà lásán lọ. Àwọn iṣan tí ó sì ń dáhùn ni àwọn tí òun fúnra rẹ̀ ìbá lò bí ó bá jẹ́ pé òun ni ó ń di nǹkan ọ̀hún mú. Ọwọ́ dúró jẹ́ẹ́ lójú gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ó ti múra sílẹ̀.

Ìwádìí tí ó kan àwa oníṣẹ́ ijó jù lọ ni èyí tí Beatriz Calvo-Merino àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó jáde ní ọdún 2005. Wọ́n kó àwọn oníjó ballet 10 jọ, àwọn oníjó capoeira 9, àti àwọn 10 tí kò kọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Capoeira jẹ́ eré ìjà àti ijó àwọn ará Brazil, tí àwọn ẹrú láti Áfíríkà dá sílẹ̀ níbẹ̀. Ìhà Àǹgólà ni àwọn onímọ̀ sábà ń tọpa rẹ̀ dé, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe sáré pè é ní ti Yorùbá. Wọ́n fi àwòrán ijó méjèèjì han gbogbo wọn, ẹ̀rọ sì ń ya ohun tí ń lọ nínú ọpọlọ wọn. Apá ọpọlọ tí ń múra ìṣísẹ̀ sílẹ̀ ṣiṣẹ́ gidigidi nígbà tí oníjó ballet ń wo ballet, ó sì rọlẹ̀ nígbà tí ó ń wo capoeira. Lọ́dọ̀ àwọn oníjó capoeira, òdìkejì rẹ̀ ni. Lọ́dọ̀ àwọn tí kò kọ́ ijó, bákan náà ni méjèèjì rí.

Ẹnìkan lè ṣe àtakò pé bóyá ojú ni ó mọ ijó ọ̀hún dunjú, kì í ṣe ara. Àwọn olùwádìí náà ti ronú kan èyí. Ní ọdún 2006 wọ́n padà sọ́dọ̀ àwọn oníjó ballet. Nínú ijó yìí, àwọn ìṣísẹ̀ kan wà tí ọkùnrin nìkan ń jó, àwọn mìíràn sì wà tí obìnrin nìkan ń jó; ṣùgbọ́n ibì kan náà ni tọkùnrin tobìnrin ti ń kọ́ ijó, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń rí ara wọn. Ojú wọn mọ ìṣísẹ̀ méjèèjì dáadáa. Síbẹ̀, apá ọpọlọ tí a ń sọ yìí ṣiṣẹ́ jù nígbà tí ọkùnrin ń wo ìṣísẹ̀ ọkùnrin, tí obìnrin sì ń wo ti obìnrin. Ohun tí ara ti ṣe rí ni ara ń dá mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti etí. Ní ọdún 2007, Amir Lahav àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ́ àwọn ènìyàn tí kì í ṣe olórin ní orin kan lórí dùùrù fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí wọ́n kàn fetí sí orin náà láì gbé ìka. Apá ọpọlọ tí ń darí ìka ṣiṣẹ́ bí wọ́n ti ń gbọ́ orin tí wọ́n ti tẹ̀ rí, ju bí ó ti ṣe lọ nígbà tí wọ́n gbọ́ èyí tí wọn kò tẹ̀ rí. Kò sí onílù dùndún tí èyí yóò yà lẹ́nu. Ọmọ onílù tí ó jókòó ti bàbá rẹ̀ a máa fi ìka lu itan ara rẹ̀ láìmọ̀.

Èyí ni ohun tí àwọn onímọ̀ rí. Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí àwọn kan fẹ́ fi ṣe. Ní ọdún 2007, David Freedberg, onímọ̀ ìtàn iṣẹ́ ọnà ní Yunifásítì Columbia ní New York, àti Vittorio Gallese, ọ̀kan nínú àwọn ará Parma tí ó rí sẹ́ẹ̀lì dígí, jọ kọ àròkọ kan tí àwọn ènìyàn ti fà yọ púpọ̀. Wọ́n ní bí a bá dúró níwájú àwọn ère Ẹlẹ́wọ̀n tí Michelangelo gbẹ́ tí kò sì gbẹ́ parí, ara wa ń bá ara inú òkúta náà jà láti jáde; bí a bá sì ń wo àwòrán Jackson Pollock, ọwọ́ wa ń tọ ipa ọwọ́ tí ó da ọ̀dà náà sílẹ̀. Wọ́n ní ìpìlẹ̀ bí iṣẹ́ ọnà ti ń wọ̀ wá lára nìyí, àti pé ó ti pẹ́ jù tí àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọnà ti ń kọ ẹ̀yìn sí ara.

Mo gbóríyìn fún wọn nínú ohun kan. Ó ti pẹ́ tí àwa lámèyítọ́ ti ń ṣe bí ẹni pé ọpọlọ tí kò ní ọrùn, tí kò ní apá, tí kò ní itan, ni ó ń wòran. Wọ́n rán wa létí pé ènìyàn odindi ni ó wà nídìí agbo. Ṣùgbọ́n èmi kò lè bá wọn dé ibi tí wọ́n fẹ́ dé, nítorí ìdí mẹ́ta.

Ìdí kìíní ni pé dígí kì í yan ojú. Bí ọ̀gá oníjó bá fò, ara mi ń múra láti fò. Bí ọ̀lẹ oníjó bá fò, ara mi ń múra bákan náà. Ẹni tí ń gbé àpò gààrí wọ inú ọkọ̀ náà ń mú iṣan mi mì, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò kọ àríwísí lórí rẹ̀. Ní ọdún 2007 kan náà, Roberto Casati àti Alessandro Pignocchi dá àwọn méjèèjì lóhùn ní irú ọ̀nà yìí: ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ níwájú iṣẹ́ ọnà àti níwájú ohun tí kì í ṣe iṣẹ́ ọnà lápapọ̀ kò lè jẹ́ ohun tí ó sọ iṣẹ́ ọnà di iṣẹ́ ọnà. Àwa tí à ń ṣe àríwísí sì gbọ́dọ̀ lè sọ èyí tí ó dára àti èyí tí kò dára.

Ìdí kejì ni pé mímọ ìṣísẹ̀ yàtọ̀ sí mímọ ìtumọ̀. Gregory Hickok, onímọ̀ ọpọlọ àti èdè ní Amẹ́ríkà, kọ àtakò tí ó lágbára ní ọdún 2009, ó sì sọ ọ́ di odindi ìwé ní ọdún 2014. Ó tọ́ka sí i pé àwọn kan wà tí àìsàn ti ba apá ọpọlọ tí ń darí ara wọn jẹ́, síbẹ̀ tí ohun tí ẹlòmíràn ń ṣe ṣì ń yé wọn. Èmi yóò fi àpẹẹrẹ ilé kún un. Ọmọ tí ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀ ní òwúrọ̀, àti aláwàdà tí ó dọ̀bálẹ̀ lórí ìtàgé láti fi ọ̀gá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ìṣísẹ̀ kan náà ni wọ́n ṣe. Àyà kan ilẹ̀ ní ìgbà méjèèjì. Iṣan òǹwòran kò lè sọ èwo ni ọ̀wọ̀, èwo ni ẹ̀fẹ̀. Àṣà ni ó ń sọ ọ́, àti ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú nínú eré náà.

Ìdí kẹta ni èyí tí ó jẹ mí lógún jù. Freedberg àti Gallese kọ̀wé bí ẹni pé gbogbo ara ènìyàn lágbàáyé ni dígí kan náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2007, Caroline Catmur, Vincent Walsh àti Cecilia Heyes kọ́ àwọn ènìyàn láti máa gbé ìka kékeré nígbà tí wọ́n bá rí ìka ìfábẹ̀lá ẹlòmíràn tí ó gbéra, kí wọ́n sì máa gbé ìka ìfábẹ̀lá nígbà tí wọ́n bá rí ìka kékeré. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ yìí, dígí náà yí padà: bí wọ́n bá kàn ń wo ìka ìfábẹ̀lá, iṣan ìka kékeré ni ó ń dáhùn. A kò lè sọ, nígbà náà, pé a bí dígí náà mọ́ wa bẹ́ẹ̀ tí kò lè yí padà. Ẹ̀kọ́ ni ó ń kọ ojú rẹ̀. Bí ìdánrawò kékeré nínú yàrá kan bá lè yí i padà, kí ni ogún ọdún nídìí agbo ìlù yóò ṣe sí i?

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé yìí ni ó mú mi rántí ẹ̀sùn kan tí mo ní láti fi kan ara mi. Ní ọdún tí mo padà dé láti òkè òkun, tí oyè ọ̀mọ̀wé ṣì ń dùn mọ́ mi létí, mo kọ àríwísí kan lórí àgbà oníjó bàtá kan tí mo wò nínú fíìmù. Mo kọ ọ́ pé ẹsẹ̀ oníjó náà yá, ṣùgbọ́n àwítúnwí pọ̀ jù nínú ijó rẹ̀. Inú mi dùn sí gbólóhùn náà. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, mo mú fíìmù ọ̀hún lọ bá bàbá onílù kan tí mò ń ṣe ìwádìí lọ́dọ̀ rẹ̀, mo sì ka ohun tí mo kọ fún un. Bàbá gbọ́ ọ tán, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Ọ̀mọ̀wé, ọmọ mi, dìde."

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, n kò mọ bàtá jó."

Ó ní, "Mo mọ̀. Mo ti gbọ́ ọ nínú ìwé rẹ. Dìde."

Ó ní kí ọmọ rẹ̀ máa lù. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ní ìrọ̀lẹ́-ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọdé àdúgbò fi mí ṣe ìran wò. N kò di oníjó, n kò sì ní dì í láéláé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún wo fíìmù náà, mo rí ohun tí n kò rí tẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ oníjó náà ń tún ohun kan náà ṣe nítòótọ́. Ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ni ó ń dá ìlù lóhùn, kò sì dá a lóhùn lọ́nà kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹsẹ̀ ni ilẹ̀ tí ó tẹ́ kí èjìká lè sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ilẹ̀ ni mo ń wò, tí mo sì ń bínú pé ilẹ̀ kò rìn. Èjìká mi tí ń ro mí ni ó fi èjìká tirẹ̀ hàn mí. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo fi àyè yìí kó ọ̀rọ̀ mi jẹ, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àgbà oníjó náà.

Mo mọ̀ pé ìrírí ẹnìkan kì í ṣe ẹ̀rí sáyẹ́ǹsì. Ó lè jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi gbọ́ ìlù ni ó là mí lójú, kì í ṣe èjìká. Nítorí náà, n kò ní sọ pé kí á lé gbogbo ẹni tí kò mọ ijó jó kúrò nínú iṣẹ́ lámèyítọ́. Ìwádìí mìíràn wà tí ó ta ko irú àṣejù bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2012, Corinne Jola àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí àwọn tí kò kọ́ ijó rí, ṣùgbọ́n tí wọ́n ti ń lọ wo ballet fún ọ̀pọ̀ ọdún. Iwájú oníjó ààyè ni wọ́n jókòó sí. Nígbà tí wọ́n ń wo ballet tí ojú wọn ti mọ́ ọn, iṣan apá wọn ń múra sílẹ̀ ju ìgbà tí wọ́n ń wo eré tí kì í ṣe ijó lọ. Àwòtúnwò náà ń kọ́ ara. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Síbẹ̀, ọ̀nà méjèèjì kò gùn bákan náà. Salvatore Aglioti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ítálì, ní ọdún 2008, fi fíìmù bọ́ọ̀lù tí à ń fi ọwọ́ jù sínú àwọ̀n òkè han àwọn tí ń gbá a, àwọn olùkọ́ rẹ̀ àti àwọn oníròyìn eré ìdárayá, àti àwọn tí kò mọ̀ nípa rẹ̀ rárá. Wọ́n bi wọ́n pé: bọ́ọ̀lù yìí yóò ha wọlé bí? Àwọn tí ń gbá a ni ó tètè mọ̀, tí wọ́n sì mọ̀ ọ́n jù, láti ara ẹni tí ó ń jù ú, kí bọ́ọ̀lù tó rìn jìnnà. Iṣan àwọn oníròyìn náà gbọ̀n rìrì bí wọ́n ti ń wò, ṣùgbọ́n iṣan àwọn agbábọ́ọ̀lù nìkan ni ó dá àṣìṣe ìka mọ̀ yàtọ̀ ní ìgbà tí bọ́ọ̀lù ń kúrò lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún lámèyítọ́: ara òǹwòran àtijọ́ ń mì, ṣùgbọ́n ara ẹni tí ó ṣe é rí ni ó ń sọ ibi tí àṣìṣe wà.

Bí a bá gbé gbogbo èyí wá sórí eré tiwa, ẹ jẹ́ kí a wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́, èyí tí àjọ UNESCO kéde ní ọdún 2001, tí ó sì wọ inú ìwé ohun-ìní ìran ènìyàn ní ọdún 2008 ní orúkọ ilẹ̀ Benin, Nàìjíríà àti Togo. Àwọn ọkùnrin ni ó ń gbé e, láti fi bọ̀wọ̀ fún àwọn ìyá wa. Ṣaworo wà lẹ́sẹ̀ oníjó, ìlù sì ń sọ gbólóhùn tí ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Òǹwòran tí ó mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń ṣe ohun mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà: etí rẹ̀ ń gbọ́ ohun tí ìlù wí, ara rẹ̀ ń múra ẹsẹ̀ tí ó kàn, ọgbọ́n rẹ̀ sì ń wò ó bóyá oníjó yóò parí gẹ́lẹ́ níbi tí ìlù parí. Bí ẹsẹ̀ bá kó sínú ìlù, agbo a hó. Ariwo yẹn ni àríwísí àkọ́kọ́, ó sì dé kí ẹnikẹ́ni tó mú kálámù. Ẹni tí ara rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n yóò máa wo igi orí oníjó nìkan. Ẹni tí ara rẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣùgbọ́n tí kò gbọ́ èdè ìlù yóò mọ̀ pé ẹsẹ̀ bọ́ sí i, kò ní mọ ohun tí ẹsẹ̀ wí.

Nígbà tí Dúró Ládiípọ̀ gbé Ọba Kò So lọ sí Berlin ní ọdún 1964, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn tí ó wò ó ni kò gbọ́ Yorùbá. Ara àti ìlù ni wọ́n ní láti bá lò. Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń pàdé Ọba Kò So kan náà nínú ìwé nìkan. Àwọn ará Berlin rí ara, ọ̀rọ̀ fò wọ́n ru. Àwọn ọmọ wa rí ọ̀rọ̀, ara fò wọ́n ru. N kò mọ èwo ni kí n káàánú jù nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n mo mọ èyí tí ó wà ní ìkáwọ́ wa láti tún ṣe.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ni ní eré eégún aláré tàbí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pe onílù wá sí kíláàsì lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán, kí ó sì jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dìde dúró, bí wọ́n tilẹ̀ gọ̀ nínú ijó bí èmi. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò kọ àríwísí lórí ijó kan wò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kí ó sì jókòó ti ẹni tí ó mọ̀ ọ́n bí ó ti ń wò ó. Kí á sì fi kún ìbéèrè ìdánwò wa ohun tí ara rí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ìwé wí. Lẹ́yìn èyí ni kí ọgbọ́n wá jókòó, kí ó gbọ́ tẹnu ojú, tẹnu etí àti tẹnu ara, kí ó tó dájọ́.

Àwọn baba wa ní ojú tí ó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran. Tẹ́lẹ̀ rí, mo rò pé ojú nìkan ni wọ́n ń yìn. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé ojú tí wọ́n ń sọ ni ojú ẹni tí ó ti dúró pẹ́ lẹ́bàá agbo, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti eruku bọ̀.